Síìlì mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan: kí ló ń pa pọ́ǹpù mi?

Àgbẹ̀_Gwagwalada · Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé, ẹ kú ọyẹ́ o. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ni mo gbé wá, ó sì ti fẹ́ẹ̀ sú mi. Etí odò Usuma ni oko mi wà, lẹ́yìn Gwagwalada níbí. Éékà méjì ni: tòmátì wà lórí ọ̀kan, tàtàṣé wà lórí èkejì. Oṣù Bélú ni mo ra pọ́ǹpù tuntun, oníbẹntiróòlù, ẹnu íǹṣì mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin mẹ́fà àbọ̀. Láti ìgbà náà mo ti lo síìlì mẹ́ta, ìyẹn ohun tó ń dí omi kó má baà jò láàárín pọ́ǹpù àti ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá a wá lo oṣù méjì. Èyí tí a fi rọ́pò ẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tí wọ́n tún fi sí i ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, omi ti ń kán láàárín pọ́ǹpù àti ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ yìí.

Mọ́káníìkì tó ń bá mi tún un ṣe ní ayédèrú ni ẹ́ńjìnnì náà, pé kí n tà á, kí n fi owó kún un ra òmíràn. Tòmátì mi sì ń yọ òdòdó lọ́wọ́. Bí omi bá fi ọjọ́ mẹ́rin dá lára ẹ̀ nínú oòrùn àti ọyẹ́ yìí, gbogbo òdòdó yẹn á rẹ̀ dànù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Mọ́káníìkì_Zuba · Ọjọ́ Ajé, 8:35 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì tà á. Ẹ́ńjìnnì kì í jẹ síìlì. Kí pọ́ǹpù máa yí láìsí omi nínú ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀. Síìlì yẹn ní ojú méjì tó ń lọ ara wọn. Ọ̀kan dúró sójú kan, ìkejì ń bá abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù yí, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n mọ́ra kí omi má baà rí àyè gbà. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ojú méjèèjì ló ń ṣe òróró fún wọn, òun náà ló ń tù wọ́n lára. Bí kò bá sí omi, ìṣẹ́jú péréte ni wọ́n fi ń gbóná dé ibi tí rọ́bà ẹ̀yìn wọn á fi le, á sì sán. Bí ọmọ oko bá wá sáré da omi tútù lé e lórí nígbà tó gbóná báyẹn, ojú tó dà bíi tánńganran á là. Mo ti tú irú ẹ̀ tó pọ̀ ní Zuba níbí, mo sì máa ń mọ̀ ọ́n bí mo bá ti ṣí i: dúdú ni, rọ́bà á máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì tó ti gan.

Ẹ dá mi lóhùn ìwọ̀nyí kí n tó sọ púpọ̀. Bí ẹ bá ti tan-án, ó ń tó ìṣẹ́jú mélòó kí omi tó jáde? Báwo ni pọ́ǹpù ṣe ga sí ojú omi, ní Bélú àti nísinsìnyí? Họ́ọ̀sì tó ń gba omi wọlé, ṣé tuntun ni àbí ti àtijọ́? Ta ló sì ń tan-án lójoojúmọ́?

Àgbẹ̀_Gwagwalada · Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ní Bélú, omi kì í pé ìṣẹ́jú kan kó tó jáde. Nísinsìnyí a lè retí ẹ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà míì kò ní wá rárá, ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á pa á, á tún bu omi sí i, á tún tan-án. Òun ló máa ń tan-án ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Odò ti fà sẹ́yìn púpọ̀. Nígbà tí mo gbé pọ́ǹpù síbẹ̀, omi ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí i lọ. Láàárọ̀ yìí mo so òkúta mọ́ okùn, mo wọ̀n ọ́n: ogún ẹsẹ̀ bàtà, díẹ̀ ló kù. Họ́ọ̀sì yẹn, ti pọ́ǹpù mi àtijọ́ ni. Ó ti lo ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Mi ò rí ojú ihò kankan lára ẹ̀.

Bàbá_Kadawa · Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ oko. Láti 1981 ni mo ti wà ní Kano, ọ̀nà Kadawa sì ni oko mi wà. Omi adágún Tiga, tí wọ́n parí ní 1974, ló ń ṣàn wá bá wa fúnra ẹ̀ nínú ipa omi tí wọ́n là. Ṣùgbọ́n àwa tí oko wa wà ní ìparí ipa omi, tàbí lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀, pọ́ǹpù la fi ń gbé e. Èyí tí mo ń lò báyìí ti wọ ọdún kẹsàn-án.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ rèé: pọ́ǹpù kì í fa omi. Títì ló mọ̀, kò mọ fífà. Ohun tó ń ṣe lápá ibi tí omi ti ń wọlé ni pé ó ń lé afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì jáde. Afẹ́fẹ́ tó wà lójú odò, tó tẹ omi mọ́lẹ̀, ló wá ń ti omi náà gòkè wọ inú họ́ọ̀sì tó ṣófo. Agbára afẹ́fẹ́ yẹn ò lè gbé omi kọjá mítà 10 ó lé díẹ̀, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì tóbi tó. Ìyẹn gan-an jẹ́ ti orí ìwé. Lóko tiwa, níbi tí họ́ọ̀sì ti ń tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, tí ewé ti dí asẹ́, mítà 7 ni òpin, èmi kì í sì í jẹ́ kó kọjá 4 tàbí 5. Ogún ẹsẹ̀ bàtà tó o wọ̀n yẹn, mítà 6 ni. Nǹkan kékeré ló kù kí omi má wá mọ́, bí afẹ́fẹ́ bá sì ń jò wọ họ́ọ̀sì níbì kan, tán ni.

Odò ló rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Ìwọ náà tẹ̀ lé e. Gé àtẹ̀gùn fífẹ̀ kan sí ara bèbè, kí iwájú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí odò, kí pọ́ǹpù lè jókòó níbẹ̀ ní títẹ́jú. Họ́ọ̀sì tó kù ọ́ kù, apá ibi tí omi ti ń jáde ni kó o ti fi kún un; títì lọ sókè, ìyẹn ni iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Máa gbé e gòkè nírọ̀lẹ́ o. Bí òjò bá ṣèèṣì rọ̀ lókè odò, omi á dé bá ọ lóru.

Tọ́pẹ́_Jos · Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Kí àwa tí a wà ní Jos fi èyí kún un: orí òkè la wà, ó tó mítà 1,200 sí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Ẹ yọ mítà kan ó lé kúrò nínú gbogbo iye tí Bàbá kà. Ẹ́ńjìnnì pàápàá kì í lágbára tó bí ìwé ẹ̀ ṣe wí. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù tó ń ṣe dáadáa ní Gwagwalada fi lè dé ọ̀dọ̀ wa kó máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyá_Ìbejì_Kuje · Ọjọ́ Ajé, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò mi, o ní o ò rí ihò. Ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé kì í kán omi síta, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi rí i. Bí mo ṣe ń wá tèmi rèé. Mo máa ń po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi díẹ̀ nínú abọ́, màá rún un títí yóò fi hó fùkẹ̀fùkẹ̀. Màá ní kí wọ́n tan pọ́ǹpù lẹ́yìn tí omi ti kún inú ẹ̀, màá wá fi kànìnkànìn pa ìfófó ọṣẹ yẹn yí gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì ká, ní ibi tó ti wọ pọ́ǹpù, ní abẹ́ kílíìpù, àti gbogbo ibi tó ti ń tẹ̀. Níbi tó bá ti jò, ìfófó á kó wọnú ṣìn-ìn lójú ẹni. Kò ní hó síta, wíwọlé ni yóò máa wọlé. Má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ bí omi ò bá tíì wá, kó o má tún fi síìlì kẹrin ṣe é.

Èkejì ni asẹ́ ẹnu họ́ọ̀sì. Ibo ló ń sùn sí? Bó bá sùn sí ìsàlẹ̀ odò, yanrìn lò ń pọn. Bó bá sì sún mọ́ ojú omi jù, omi á máa yí pooyì, á máa gbé afẹ́fẹ́ mì. Mo fi okùn so tèmi mọ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo, tí mo dé pa. Kẹ́ẹ̀gì ń léfòó, asẹ́ ń rọ̀ lábẹ́ ẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ kan sínú omi, kò kan ilẹ̀. Bí odò bá ń lọ sílẹ̀, òun náà ń bá a lọ sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò tíì rí yanrìn nínú poro ẹ̀fọ́ mi mọ́.

Kí o sì ro epo tí ò ń jó. Láti oṣù Èbìbí 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí bẹntiróòlù, tí lítà tó wà ní nǹkan bíi ₦200 l'Abuja fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìṣẹ́jú márùn-ún tí pọ́ǹpù ń ké láìmú omi wá ti di owó ata.

Ọmọ_Ọ̀fà_Minna · Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ Bàbá kó lọ gbẹ́ kòtò. Àtẹ̀gùn tí iwájú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni Bàbá wí, kì í ṣe ihò. Mo rí i kí n tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kànga àkùrọ̀ wa lọ sílẹ̀, a gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, jíjìn ẹ̀ ju ọkùnrin kan lọ, a gbé pọ́ǹpù síbẹ̀ kó lè sún mọ́ omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀ lọ bu epo sí i. Nígbà tí a pè é, kò dáhùn. Àbúrò ẹ̀ fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, Málàm kan tó ń roko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló di í mú ní ẹ̀wù, tó ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. A fi okùn gbá a fà jáde. Ọlọ́run ṣe é, ó jí ní ilé ìwòsàn.

Èéfín ẹ́ńjìnnì ní carbon monoxide nínú. Kò lóòórùn, ojú ò rí i, ó sì ń gba àyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀ kí èèyàn tó fura. Nínú kòtò, kò ríbi gbà jáde. Ẹni tó bá sì sáré wọlé láti yọ ẹni àkọ́kọ́ á ṣubú lé e lórí. Bí omi kànga bá jìn jù fún pọ́ǹpù orí ilẹ̀, pọ́ǹpù tó ń wọnú omi lẹ́ ń wá, ẹ má gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀.

Bàbá_Kadawa · Ọjọ́ Ajé, 8:32 alẹ́

O ṣé, ọmọ mi, tó o sọ ọ́. Ó yẹ kí n ti fẹnu mi sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ sí ògiri yí ẹ́ńjìnnì ká.

Délé_Lugbe · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò kúkú ra ti sólà, kẹ́ ẹ bọ́ lọ́wọ́ epo àti síìlì?

Ìyá_Ìbejì_Kuje · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:00 àárọ̀

Délé, ó dáa, bí owó bá wà. Òdòdó tòmátì ẹ̀ ò lè dúró de ìgbà tí yóò kó owó sólà jọ. Sólà náà ní ìtọ́jú tiẹ̀: nínú ọyẹ́ yìí, bí a ò bá nu eruku ojú ẹ̀, omi á dínkù, ó sì gbọdọ̀ sí ẹni tó ń sùn tì í lóko.

Àgbẹ̀_Gwagwalada · Ọjọ́bọ̀, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Mo dé o. Màmá Ìbejì, Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ yín fún yín.

Mo po ọṣẹ bí ẹ ṣe wí. A pa á sí oríkèé tó wà lára pọ́ǹpù, kò sí nǹkan. A pa á sí ibi tí họ́ọ̀sì ti tẹ̀ lójú bèbè, kò sí nǹkan. Mo ti ń rò pé họ́ọ̀sì náà ò lẹ́bi. Nígbà tí a dé abẹ́ kílíìpù kejì, ìfófó náà kàn wọlé fìn-ín, ó ku ọṣẹ tútù lásán. Mo tú kílíìpù. Irin ẹ̀ ti gé họ́ọ̀sì wọlé yípo, bí ọ̀bẹ ṣe ń gé iṣu, ṣùgbọ́n kílíìpù fúnra ẹ̀ ló bo ojú ibẹ̀. Ọmọkùnrin mi ní bí omi bá ti ń pẹ́, òun á tún fún kílíìpù yẹn le sí i. Bó ṣe ń fún un ló ń gé e.

A gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò, a fi kílíìpù méjì fífẹ̀ dè é, a gé àtẹ̀gùn sí bèbè, pọ́ǹpù ò ju mítà 3 àbọ̀ sí omi mọ́. Mo so asẹ́ mọ́ kẹ́ẹ̀gì. Omi jáde kí n tó ka ogójì.

Ìṣòro tuntun wá yọjú. Lórí àtẹ̀gùn yẹn, ẹ́ńjìnnì ń kú fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ó tún ń jí bí a bá tan-án. Ṣé òótọ́ ni mọ́káníìkì yẹn sọ ni?

Mọ́káníìkì_Zuba · Ọjọ́bọ̀, 7:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Ẹ gbé ohun tí wọ́n fi ń wo títẹ́jú lé e, tàbí kẹ́ ẹ gbé abọ́ omi lé orí irin ẹ̀ kẹ́ ẹ wo bí omi ṣe dúró. Ó dá mi lójú pé ó dagun. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì báyìí ní ohun kan nínú ìsàlẹ̀ wọn tó ń ṣọ́ ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá kéré, tàbí bí ẹ́ńjìnnì bá dagun tí ọ́ìlì sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, á pa iná fúnra ẹ̀ kó má baà lọ ara ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yín ò ṣàìsàn, ó ń gba ara ẹ̀ là ni. Ẹ fi pákó tẹ́ ilẹ̀ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà ohun tó ń ṣọ́ ọ́ìlì yẹn o! Mo ti rí àwọn tó gé e nítorí pé ó ń dà wọ́n láàmú, kò pé oṣù kan tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì fi já.

Bẹ́ ẹ bá ti ń tẹ́ ẹ, ẹ fa ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ ẹ̀. Síìlì tó ń jò fún ọjọ́ pípẹ́ lè rán omi lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ dà á nù lójú ẹsẹ̀, ẹ rọ tuntun, ẹ lò ó wákàtí kan, kẹ́ ẹ tún dà á nù. Ẹ́ńjìnnì irú tiyín ò gbà ju nǹkan bíi lítà 0.6 lọ, kò wọ́n ju ẹ́ńjìnnì lọ. Bó bá dúdú lásán, ọ̀rọ̀ wákàtí ni: ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí 100. Nínú eruku Abuja, èmi ń pààrọ̀ ẹ̀ ní 50, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀ rí.

Fílítà afẹ́fẹ́ ni mo bẹ̀ yín sí jù. Nínú ọyẹ́, ẹ máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Èyí tó jẹ́ fóòmù, omi ọṣẹ lẹ ó fi fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ rì í sínú ọ́ìlì tó mọ́, kẹ́ ẹ fún un gbẹ. Èyí tó jẹ́ bébà, gbígbọ̀n ni, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má yọ ọ́ sọnù láéláé nítorí pé ẹ́ńjìnnì "ń mí dáadáa" láìsí i. Eruku ọyẹ́ yẹn, yanrìn kíkúnná ni.

Síìlì tuntun ń kọ́? Ẹ ò gbọdọ̀ fi ìka tó lọ́ràá kan ojú ẹ̀. Omi ọṣẹ lẹ ó fi pa rọ́bà ẹ̀ kó lè wọlé, ẹ má fi òòlù gbá a.

Àgbẹ̀_Gwagwalada · Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 àárọ̀

Ó dagun lóòótọ́. A fi pákó méjì tẹ́ ẹ, ó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta láìdákẹ́. Ọ́ìlì dúdú ni, kò funfun. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn sì mọ̀ báyìí: omi kún ilé pọ́ǹpù kó tó fa okùn, ìyára kékeré títí omi yóò fi jáde, bí omi ò bá wá láàárín ìṣẹ́jú kan ó dín, kó pa á, kó wá ibi tó ń jò, kó má fún kílíìpù.

Bàbá_Kadawa · Ọjọ́ Ẹtì, 8:00 àárọ̀

Ó dùn mọ́ mi. Ṣe ohun kan fún mi lónìí tí pọ́ǹpù rẹ ṣì lágbára. Wá dúróòmù lítà 200, da ẹnu họ́ọ̀sì sínú ẹ̀, kó o ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi kún. Kọ ọ́ sára páálí, pẹ̀lú bí pọ́ǹpù ṣe ga sí omi lọ́jọ́ yẹn. Máa tún un ṣe ní oṣooṣù, ní ibi gíga kan náà. Bí iye yẹn bá ń pọ̀ sí i tí ẹ́ńjìnnì sì ń ké bíi ti tẹ́lẹ̀, yanrìn ti ń jẹ abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù nìyẹn, àlàfo àárín ẹ̀ àti ilé ẹ̀ ti ń fẹ̀. Ìró náà máa ń sọ̀rọ̀: bó o bá gbọ́ bíi pé òkúta wẹ́wẹ́ ń yí nínú ẹ̀, tí kò sì sí òkúta, omi ò rí ọ̀nà wọlé tó. Dín ìyára ẹ̀ kù, kó o lọ wo asẹ́. Ní apá ọ̀dọ̀ Hadejia, koríko tí àwọn Hausa ń pè ní kachalla ló ń dí ti àwọn ọ̀rẹ́ mi. Tìrẹ lè jẹ́ ewé tàbí ọ̀rá píọ̀-wọ́tà.

Àgbẹ̀_Gwagwalada · Ọjọ́ Ẹtì, 12:15 ọ̀sán

Ìṣẹ́jú àáyá 18, Bàbá. Mo ti kọ ọ́ sára páálí, mo fi kọ́ ògiri àbà. Bí òjò bá dé ní oṣù Igbe tàbí Èbìbí, báwo ni kí n ṣe gbé pọ́ǹpù yìí pamọ́? Lọ́dún tó kọjá, bí mo ṣe gbé ti àtijọ́ kúrò lóko ni mo gbé e sí àjà, nígbà tí mo tún gbé e jáde, okùn ẹ̀ ò ṣeé fà.

Mọ́káníìkì_Zuba · Ọjọ́ Ẹtì, 12:50 ọ̀sán

Ìpẹtà ló dì í mú, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó kẹ́yìn, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan inú pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí gbogbo omi jáde. Ẹ da epo inú táńkì kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán títí yóò fi kú fúnra ẹ̀; bẹntiróòlù tó bá sùn síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan á di bí oje igi, á dí ojú ihò kéékèèké ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì tó mọ́ síbí kékeré kan sí i, ẹ rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa okùn títí yóò fi le lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ dá a dúró síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà méjèèjì inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, á wà ní títì, ọ̀rinrin ò ní ráyè wọlé. Ẹ ká họ́ọ̀sì sábẹ́ òrùlé, oòrùn ló ń sọ ọ́ di gbígan. Kẹ́ ẹ sì di ẹnu pọ́ǹpù méjèèjì, eku fẹ́ràn ibẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Kuje · Ọjọ́ Ẹtì, 3:30 ọ̀sán

Kí o má gbàgbé láti tú kílíìpù náà, kó o má fi í há họ́ọ̀sì láti Èbìbí di Bélú. Òdòdó tòmátì ń kọ́?

Àgbẹ̀_Gwagwalada · Ọjọ́ Ẹtì, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ó dúró, Màmá. Apá ọ̀nà odò ti ń so ọmọ róbótó-róbótó. A ti fún tàtàṣé náà lómi dé poro ìkẹyìn lónìí.